Ọjà ẹja Olúwo l'Ẹ̀pẹ́: ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé lọ síbẹ̀

Màmá mi ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ní ìyá Ìjẹ̀bú nílé, ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi ìkọ́kọrẹ́ ṣeré. Oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni mo rí àwọn kan lórí Instagram tí wọ́n ń pariwo pé ojúlówó ẹja ọ̀sà làwọn ń tà, pé látọwọ́ apẹja ló ń bọ̀ tààrà sínú ìkòkò wa. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà níbí. Mo ní kí n fi ṣe Màmá lóore, mo sanwó ọ̀bọ̀kún, wọ́n sì gbé e wá lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, wọ́n ti gé e, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti yọ orí ẹ̀ dànù, ó wà nínú náílọ́ọ̀nù tó mọ́ tónítóní. (Ẹni tó bá ti yọ orí ẹja kó tó tà á fún yín, ẹ fura sí i. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n.) Màmá sè é, wọ́n tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹrẹ̀ ló ń ta sí mi lẹ́nu yìí. Ẹja kòtò nìyí. Àrọ̀ ni, kì í tiẹ̀ ṣe ọ̀bọ̀kún."

Mo jiyàn. Mo ní Màmá, bóyá ata ló pọ̀ jù. Wọ́n wò mí bíi kí wọ́n lé mi jáde nílé.

Mo lọ wádìí ẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì jàre. Nínú omi tó bá dúró sójú kan, bíi kòtò tí wọ́n ti ń da oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹja ní gbogbo ìgbà, àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín kan máa ń hù níbẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí, àwọn ló ń tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní geosmin jáde, ohun kan náà tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ máa ta sánsán tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Ó dáa nímú, kò dáa lọ́bẹ̀. Ẹja á máa mu ún, á sì wọ ẹran ara ẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò bú ẹja kòtò, èmi náà ń jẹ pọ́íńtì-án-kíìlì lálẹ́ Fraidé bíi tẹ̀yin, àti pé Íjíbítì nìkan ló ń sin ẹja jù wá lọ ní gbogbo Áfíríkà, tí kì í bá ṣe ti àwọn tó ń sìn ín yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti gbàgbé bí ẹja tútù ṣe ń rí lẹ́nu. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ tà á fún mi. Kòtò ni kó jẹ́ kòtò, ọ̀sà ni kó jẹ́ ọ̀sà.

Mo wá pinnu pé màá lọ s'Ẹ̀pẹ́ fúnra mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni màá sì máa bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tajà fún mi: omi wo lẹja yìí ti wá? Gbogbo ìràwọ̀ tí mo fẹ́ fún wọn nísàlẹ̀ yìí, orí ìbéèrè yẹn ló dúró lé, kì í ṣe lórí bí ọjà ṣe mọ́ tàbí bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín sí mi.

Ọ̀nà Ajah sí Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Tírélà, eruku, tírélà. Ẹ tètè jí, òun náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ère ẹja ńlá méjì ní ràńdàbáòtù, ẹ ti dé nìyẹn, ẹ sì ti mọ irú ìlú tẹ́ ẹ wọ̀. Àbúrò mi tó wà mọ́tò ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ló wà, mo ní ọ̀rọ̀ Kòsọ́kọ́ ọba Èkó ni, nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851 ló wá tẹ̀dó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀, àwọn ni Èkó Ẹ̀pẹ́. Ó ní ṣé torí ẹja ni? Ọmọ yìí!

Ọjà yẹn wà létí omi gan-an, ọkọ̀ ló ń kó ẹja wá, báfù ló ń gbà á. Aago méje àbọ̀ la débẹ̀, ariwo ti gba gbogbo ibẹ̀ kan. Mo rí ẹ̀pìyà, mo rí àrọ̀ tó ń jà nínú omi, mo rí akàn tí wọ́n fi okùn dì lẹ́sẹ̀, edé tútù, edé gbígbẹ, ìsáwùrú, ẹja yíyan tí wọ́n tò sórí ara wọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹran ìgbẹ́ náà wà lápá kan, mi ò sún mọ́ ibẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ti àǹtí kan tó ń gé titọ́s láti inú páálí yìnyín, titọ́s tó ti òkè òkun wọ ọkọ̀ wá, tí ọ̀sà sì wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, ìgbésẹ̀ bíi ogún. Mo bi í pé ta ló ń ra titọ́s l'Ẹ̀pẹ́. Ó ní, "Àwọn tó ń gbé Ẹ̀pẹ́ ni. Ẹ̀yin ará Èkó lẹ máa ń ra ti omi, ẹ̀yin lẹ lówó." Mi ò lè fèsì.

Ẹni tí mo padà rajà lọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n jókòó sórí àpótí, ìró wọn ti tutù dé orúnkún. Mo kí wọn kú ọjà, wọ́n ní ẹja wo ni mo fẹ́, mo ní ọ̀bọ̀kún ni mà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, omi wo ló ti wá?

Wọ́n wò mí. "Ṣé ìjọba ló rán ẹ ni?"

Mo ní rárá mà, màmá mi ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Báfù aláwọ̀ ewé, apá ọ̀sà Lẹ́kkí ló ti wá, níbi tí omi ò ti níyọ̀ láti ọdún dé ọdún. Apẹ̀rẹ̀ kékeré yìí, apá ìsàlẹ̀ ni, níbi tí omi ti ń kọjú s'Ékòó. Wọ́n wá fi ẹsẹ̀ ti báfù ńlá kan tó kún fún àrọ̀ tó sanra bíi apá mi, wọ́n ní, "Èyí, ti kòtò ni. Àwọn ọmọ tó ń sìn ín ló kó o wá lóru. Ti kòtò ni mo sì ń pè é fún ẹni tó bá bi mí." Mo ní ẹni tí ò bá wá bi yín ńkọ́ mà? Wọ́n ní, "Ẹni tí ò bá bi mí ò fẹ́ mọ̀."

Ìràwọ̀ mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. Mi ò tíì sanwó o, mo ti fún wọn ní mẹ́ta.

Owó ẹ̀ wá dé. Ọ̀bọ̀kún mẹ́rin, kò sí ìkankan tó gùn ju láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìka mi lọ, ₦15,000. A ná an, a ná an, wọ́n fi edé díẹ̀ lé e fún mi, wọn ò yọ owó. Mo ní ó kéré jù mà. Wọ́n ní òótọ́ ni. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn wọn pátápátá, torí wọn ò sọ pé "ó tóbi, wò ó dáadáa," wọ́n ní nígbà táwọn wà lọ́mọge, èyí tó bá kéré báyìí, bàbá àwọn á kàn sọ ọ́ padà sómi ni, kì í wọ inú apẹ̀rẹ̀ rárá. Nísinsìnyí kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan padà mọ́, àwọ̀n tí wọ́n ń lò gan-an, ojú ẹ̀ ti há débi pé ọmọ ẹja ò lè yọ. Ẹ ò rí i pé ọmọ tí ẹ bá kó lónìí kò ní bí ọmọ tí ẹ máa kó lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá yẹn mọ èyí ju gbogbo wa lọ, àmọ́ tí àwọn ò bá rà á lọ́wọ́ apẹja, ẹlòmíì á rà á, wọ́n sì lọ́mọ nílé.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí àrọ̀ ṣì ń tóbi nínú omi kan náà tí ọ̀bọ̀kún ò fi tóbi mọ́. Wọ́n ní, "Àrọ̀ lórí kunkun." Mo rò pé àwàdà ni. Ọ̀rọ̀ orí ni lóòótọ́! Àrọ̀ ní ohun kan nínú orí ẹ̀ tó fi lè gba afẹ́fẹ́ tààrà lókè omi, ìdí nìyẹn tó fi lè wà láàyè nínú báfù tí omi ẹ̀ ò ju ṣíbí mẹ́wàá lọ, ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi lè sìn ín nínú kòtò tí omi ẹ̀ ti dọ̀tí. Ọ̀bọ̀kún ò ní in. Inú omi nìkan ló ti ń mí, tí omi bá bà jẹ́, kò síbi tó máa gbé orí sí. Ẹ fi sọ́kàn, torí mo tún máa padà síbẹ̀.

Ẹ̀pìyà náà, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mo ní kí n fi kún un torí ó dùn mọ́ mi: ẹ̀pìyà ọ̀sà tí àgbọ̀n ẹ̀ máa ń dúdú yẹn, bàbá ló ń gbé ẹyin sẹ́nu títí á fi pa. Kò ní jẹun. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ gbọ́?

Tí mo bá kan ra ẹja kí n máa lọ, rivíù yìí ì bá ti parí. Àbúrò mi ló ní ká wọ ọkọ̀. Ọkùnrin kan wà létí omi tó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ó ní òun á gbé wa yípo fún wákàtí kan, ₦12,000, ó gbà ₦10,000. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì: mẹ́ta ló wà, méjì dáa, ẹ̀kẹta okùn ẹ̀ ti já, ó ní kí àbúrò mi fi ọwọ́ dì í mú. Mo ní lọ́lá Ọlọ́run, a ò lọ. Ó sáré lọ yá òmíì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ má tijú.

Àmọ́ ọkùnrin yẹn mọ omi. Ọmọ Ìlàjẹ ni, Ayétòrò ni wọ́n bí i sí, ìlú yẹn tí àwọn ọmọ ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní Holy Apostles tẹ̀ dó sétí òkun ní 1947, tí àwọn èèyàn ń ròyìn ẹ̀ nígbà kan bíi pé ọ̀run kékeré ni. Ó ní ibi tí ilé bàbá òun wà, ọkọ̀ ló ń gba orí ẹ̀ kọjá báyìí, òkun ti gbé e mì. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun kó kúrò ní Múṣin lọ sí Òṣòdì. Mo fẹ́ bi í sí i, mo wo ojú ẹ̀, mo dákẹ́.

Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí a kúrò létí omi, ẹ́ńjìnnì kọ ariwo mìíràn, ó sì kú. Koríko ni. Koríko omi tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn, tí àwọn olówó máa ń dúró ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ti wé mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó fa àdá yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni." Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀ ni koríko yẹn ti wá, ní 1984 ló kọ́kọ́ yọ sí wa lójú lápá Bàdágìrì, ó gba ojú omi wọlé láti Bẹ̀nẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó lè di ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin náà mọ àdúrà tí a máa ń gbà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àlejò yìí ti gorí àwọn méjèèjì, mi ò tiẹ̀ rí òṣíbàtà kankan ní gbogbo wákàtí yẹn, ojú oró tí mo rí ò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, ó há sáàárín ẹ̀ bí ọmọ tó sọnù lọ́jà.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé iyọ̀ ló ń pa á. Ọ̀sà Èkó ní ẹnu sínú òkun, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi odò fà sẹ́yìn, omi òkun á wọlé, iyọ̀ á dé, koríko á gbẹ. Tí òjò bá dé, omi odò á tún lé iyọ̀ padà. Ọ̀sà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀pẹ́, ti Èkó níwọ̀ oòrùn, ti Lẹ́kkí nílà oòrùn, iyọ̀ kì í sì í dé ti Lẹ́kkí bó ṣe ń dé ti Èkó. Nítorí náà, omi tó dùn jù fún ẹja wa ni omi tó tún dùn jù fún koríko yẹn. Níbi tó bá ti bo ojú omi, oòrùn ò ní wọlé, èyí tó bá kú nínú ẹ̀ á máa jẹrà, ìjẹrà yẹn á máa gba atẹ́gùn tó wà nínú omi, kí ẹja tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sí nǹkan tó máa mí mọ́. Àrọ̀ á yọrí sókè, á gba afẹ́fẹ́. Ọ̀bọ̀kún ńkọ́? Ẹ rántí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn.

A tún sún síwájú díẹ̀, mo gbọ́ ariwo kan tó ń dún láìdánudúró bíi ẹ̀rọ ata tó tóbi. Àwọn tó ń fa yanrìn ni. Mo rí páìpù ńlá tó ń bì í sórí ilẹ̀, yanrìn funfun báláú, omi tó yí wọn ká sì pọ́n bíi tíì oní mílíìkì. Ilé tí èmi náà ń gbé l'Ékòó, orí yanrìn tí wọ́n fà báyìí ni wọ́n kọ́ ọ lé, nítorí náà mi ò lè fi ìka na ẹnikẹ́ni tán. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ibi tó jìn jù nínú ọ̀sà Lẹ́kkí ò ju mítà 6 àti díẹ̀ lọ, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ò tó mítà 3, ẹrẹ̀ tí wọ́n bá rú sókè níbi kan ò níbi tó máa rì sí tí ò ní bo ibi tí ẹja ń jẹ. Ọ̀bọ̀kún sì rèé, inú ihò lábẹ́ omi ló ń yé ẹyin sí, akọ á dúró ṣọ́ ọ. Ẹ wá gbé páìpù tó ń fa yanrìn síbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ní àwọ̀n òun méjì ni páìpù yẹn ti fà ya, òun ò rí ẹni tó máa san án. Àwọn apẹja ń lọ sí ọ̀nà jíjìn sí i, bẹntiróò tí wọ́n ń rà kó tó rí ẹja apẹ̀rẹ̀ kan ni ìyá ọlọ́jà yẹn ń kó lé mi lórí nínú ₦15,000. Mi ò tún rò ó pé wọ́n rẹ́ mi jẹ mọ́.

Mo bi í nípa gámálíìn. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀ kó tó dáhùn, lórí omi tí kò séèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kòkó láyé àwọn bàbá wa ni, wọ́n ti fòfin dè é tipẹ́, àwọn kan ṣì máa ń wá a kiri kí wọ́n lè dà á sínú odò kékeré, ẹja ńlá, ẹja kékeré, ọmọ edé, gbogbo ẹ̀ á léfòó. Ó ní àwọn mọ àwọn tó ń ṣe é. Ó ní ìyá tí mo rajà lọ́wọ́ ẹ̀ ò gba ẹja lọ́wọ́ wọn. Mo padà bi ìyá náà, wọ́n ní "ẹja tí mi ò lè fún ọmọ-ọmọ mi jẹ," wọn ò parí ẹ̀. Ìràwọ̀ kẹrin nìyẹn.

Kó tó yí ọkọ̀ padà, ó nawọ́ sí ọ̀nà ìlà oòrùn, ó ní lọ́hùn-ún ni Ọ̀ṣun ti ń bọ́ sínú ọ̀sà. Mo ní Ọ̀ṣun wo? Ó ní mélòó ló wà? Ẹ̀yin èèyàn, mo ti lọ sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun, mo ti dúró létí odò yẹn rí, kò wá sí mi lọ́kàn rí láyé mi pé omi yẹn ń lọ síbì kankan. Ó ti ẹ̀gbẹ́ Ìgèdè-Èkìtì ṣàn wá, ó kọjá Òṣogbo, ó kọjá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó bọ́ síbí. Àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì ti jẹ́ kó pọ́n bí omi ẹ̀lùbọ́, débi pé lọ́dún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra wọn ló sọ fáwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Àwọn olùfọkànsìn gbọ́ o, ìròyìn gbé e. Ta ló lọ sọ fún ẹja Ẹ̀pẹ́? Omi Òṣogbo náà ló ń mu.

Ẹja òkun tó wà lọ́jà náà ò bọ́ o. Kúta tí mo rí ò ju mẹ́ta lọ, gbọ̀ngbọ̀n báyìí, owó ẹ̀ ga tó owó ewúrẹ́. Òfin ti wà láti 1992 pé àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fi àwọ̀n wọ́ ilẹ̀ òkun ò gbọ́dọ̀ wọ ibi tó sún mọ́ etíkun tó nǹkan bíi kìlómítà 9, kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ kékeré. Ọlọ́kọ̀ mi ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun tó ṣì wà ní Ayétòrò máa ń rí iná wọn lóru láti iwájú ilé. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ebi ti pa wá. Búkà kan wà lójú ọ̀nà bí a ṣe ń kúrò lọ́jà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ fún ìdí tẹ́ ẹ máa rí láìpẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ìkọ́kọrẹ́ yìí. Ewùrà ẹ̀ rọ̀, ó ṣì ní kókó díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ, epo ẹ̀ ò rú, wọ́n fi edé tútù sí i àti ẹja yíyan, wọ́n gbé ẹ̀bà tútù tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀bà àná gan-an bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń jẹ ẹ́. Àbúrò mi tó ní òun ò lè jẹ ẹ̀bà tútù láyé òun jẹ méjì. Ata ẹ̀ ò mojú ẹnikẹ́ni. Mo bi wọ́n pé omi wo lẹja ti wá, ọmọbìnrin tó ń bu oúnjẹ ní, "Inú fírísà ni." Ó kéré tán, kò purọ́.

Ibi tó ti bà jẹ́ ni ti èyí tí mo fẹ́ gbé lọ sílé. Abọ́ fóòmù funfun ló gbé jáde. Láti January 2024 ni ìjọba Èkó ti fòfin de abọ́ yẹn, ó sì ń bu oúnjẹ sínú ẹ̀ bíi pé kò gbọ́ rí. Mo ní rárá, mo ní kúlà nínú mọ́tò, kó bu ú sínú abọ́ mi. Ó ṣe bí ẹni tí mo dà láàmú. Mo wá yọjú sẹ́yìn búkà láti fọwọ́, gọ́tà tó wà níbẹ̀, fóòmù ló kún un, fóòmù àti náílọ́ọ̀nù omi, gọ́tà yẹn sì ń lọ tààrà sí ibi tí a ti wọ ọkọ̀ láàárọ̀. Oúnjẹ, ìràwọ̀ márùn-ún. Ohun tí wọ́n fi ń dì í, mi ò ní ìràwọ̀ fún un. Ewé ẹ̀ẹ̀ran wà lọ́jà níbẹ̀, mo rí i, wọ́n ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsáwùrú.

Torí náà, ọjà Olúwo, mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkan tí mo yọ kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọlọ́jà, ẹja tó kéré ni mo yọ ọ́ fún, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé kí oòrùn tó mú, ẹ gbé kúlà àti yìnyín dání, ẹ lọ pẹ̀lú owó ní ọwọ́ torí nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ ò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ má gbà kí wọ́n gé orí ẹja yín, ẹ má sì ra ọmọ ẹja tí wọ́n kó jọ bíi ẹ̀wà bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ bi wọ́n lóhùn rara: omi wo ló ti wá? Àwọn kan á bínú. Ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Mo délé ní bí aago márùn-ún. Màmá gbé ọ̀bọ̀kún kan sókè, wọ́n ṣí i lẹ́nu, wọ́n wo ojú ẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n wọ kíṣìnì lọ. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, eegun nìkan ló kù nínú àwo, wọ́n ti lá a. Wọ́n wá bi mí pé, "Eléèló?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Kí ló dé tó wá kéré báyìí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, yanrìn, koríko, góòlù, Òṣogbo, wọ́n ní kí n dúró ná, kí n pe ìyá ẹlẹ́ja yẹn, kí n bi wọ́n bóyá wọ́n lè rí èyí tó tóbi ju èyí lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn á fi ojú sí i, ṣùgbọ́n àwọn ò lè ṣèlérí.